Ìtàn Little Gidding: Abà Kékeré Kan ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ilé Àdúrà Rẹ̀

Nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ìtàn Ìjọ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ibi ńlá ni ó máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn: Canterbury níbi tí ìtẹ́ Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà wà, Westminster níbi tí a ti ń dé àwọn ọba ládé, Oxford àti Cambridge níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti kẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n abà kan wà ní ìgbèríko, tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí arìnrìn-àjò lè kọjá lẹ́bàá rẹ̀ láì mọ̀, tí orúkọ rẹ̀ sì ti dé etí àwọn tí ń ka ìtàn Ìjọ káàkiri ayé. Little Gidding ni a ń pè é. Kò sí ọjà níbẹ̀, ilé tí ó wà níbẹ̀ kò sì ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Ilé ìsìn kékeré kan wà láàrin koríko, ọ̀nà tóóró kan sì ni ó lọ sí ibẹ̀.

Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni èyí: báwo ni ibi tí ó ti di ahoro nígbà kan rí, tí àwọn olùgbé rẹ̀ kò sì tó nǹkan títí di òní, ṣe ṣì ní ilé ìsìn tí a ń gbàdúrà nínú rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé ìsìn tí ó tóbi jù ú lọ ti dákẹ́?

Bí ilẹ̀ náà ṣe rí

Little Gidding wà ní nǹkan bí máìlì 9 sí àríwá ìwọ̀ oòrùn ìlú Huntingdon. Ẹkùn Huntingdonshire ni ó wà láti ìgbà láéláé, ṣùgbọ́n láti ọdún 1974 ni a ti da ẹkùn náà pọ̀ mọ́ Cambridgeshire. Gidding mẹ́ta ni ó wà nítòsí ara wọn. Great Gidding ni èyí tí ó tóbi jù. Steeple Gidding gba orúkọ rẹ̀ láti ara ṣóńṣó gíga tí ó wà lórí ilé ìsìn. Little Gidding sì ni èyí tí ó kéré jù. Àwọn onímọ̀ nípa orúkọ ìlú gbà pé Gidding wá láti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gydda. Nítorí náà, orúkọ ẹnìkan ni ó di orúkọ ilẹ̀. Orúkọ Gidding sì wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ńlá tí Ọba William Aṣẹ́gun mú kí a ṣe ní 1086, láti mọ ẹni tí ó ni ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti owó orí tí ó yẹ kí ó san.

Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ òkè gíga. Ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ tí a tẹ́ tí a kò nà dáadáa. Ní ìgbà tí ó ti pẹ́ jọjọ, yìnyín ńlá bo apá ibẹ̀. Nígbà tí yìnyín náà yọ́, ó fi amọ̀ líle tí ó kún fún òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀. Amọ̀ yìí ni àgbẹ̀ ibẹ̀ ń bá jìjàkadì láti ìran dé ìran. Ní ìgbà òtútù, omi kì í tètè fà nínú rẹ̀, ẹrẹ̀ a sì máa lẹ̀ mọ́ bàtà. Ní ìgbà oòrùn, a gan, a sì sán. Síbẹ̀ ó dára fún àlìkámà, ó sì dára fún koríko àgùntàn.

Nínú koríko tí ó yí ilé ìsìn náà ká, ẹni tí ó bá wo ilẹ̀ dáadáa yóò rí ohun tí ó jọ ebè àti poro tí koríko ti bò mọ́lẹ̀. Ebè àti poro gidi ni wọ́n. Àwọn àgbẹ̀ ayé àtijọ́ ni wọ́n fi màlúù tú ilẹ̀ náà, nígbà tí Little Gidding ṣì jẹ́ abúlé tí ó ní ìdílé púpọ̀. Ó tún rí ibi tí ọ̀nà abúlé gbà, tí ó ti jìn wọ inú ilẹ̀, àti ibi pẹrẹsẹ tí àwọn ilé dúró lé nígbà kan. Ní àárọ̀ kùtù tàbí ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oòrùn bá rẹlẹ̀, òjìji a máa mú kí gbogbo rẹ̀ hàn kedere.

Bí abúlé náà ṣe di ahoro

Kì í ṣe ogun ni ó tú Little Gidding ká. Ní ọdún 1348 àti 1349 àjàkálẹ̀ àrùn ńlá jà káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì pa ènìyàn púpọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ abúlé kò rí òṣìṣẹ́ tí yóò ro oko mọ́. Lẹ́yìn èyí ni irun àgùntàn di ọjà tí ó ń mówó wọlé jù lọ ní ilẹ̀ náà. Àwọn onílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹkùn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbà yí oko ká, wọ́n sọ ilẹ̀ tí a ti ń gbin ọkà di pápá àgùntàn. Darandaran kan ṣoṣo pẹ̀lú ajá rẹ̀ lè ṣọ́ ilẹ̀ tí ó ti ń bọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Àwọn tí kò ní ilẹ̀ kó ẹrù wọn, wọ́n lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí ní Little Gidding. Nígbà tí ọ̀rúndún kẹtàdínlógún bẹ̀rẹ̀, ilé ńlá onílẹ̀ kan tí ó ti ń wó ni ó kù, àti ilé ìsìn kékeré kan tí kò ní ìjọ. Koríko gbígbẹ ni wọ́n kó kún inú ilé ìsìn náà, apá kan rẹ̀ sì ti di ilé ẹlẹ́dẹ̀.

Ìdílé Ferrar

Àwọn tí wọ́n sọ ibẹ̀ di ibi ìrántí jẹ́ oníṣòwò láti London. Baba wọn, Nicholas Ferrar àgbà, jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ó fi owó sí Ilé-iṣẹ́ Virginia, èyí tí ó ń kó àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ tẹ̀dó sí Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ rẹ̀, John àti Nicholas, di igbákejì nínú ìṣàkóso rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, John láti 1619, Nicholas láti 1622.

Àwa tí a jẹ́ ọmọ Áfíríkà kò lè ka apá yìí kí a má dánu dúró. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1619, ọkọ̀ ojú omi kan gúnlẹ̀ sí Virginia pẹ̀lú àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n lé ní ogún, tí a ti fi ipá kó láti agbègbè Angola, a sì fi wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀ oúnjẹ. Ìdílé Ferrar kọ́ ni ó rán ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ wọn tẹ̀dó ni a kó àwọn ènìyàn náà sí, èyí sì ni ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn ìrora tí a mọ̀. Baba Ferrar kan náà, nígbà tí ó kú ní 1620, fi £300 sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀ kí a lè fi kọ́ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Virginia ní ẹ̀kọ́. Bí ìtàn ìdílé Kristẹni yìí ṣe rí nìyẹn: ohun rere àti ohun tí ó wúwo wà pa pọ̀ nínú rẹ̀, kò sì yẹ kí a fi ọ̀kan bo èkejì mọ́lẹ̀.

Nicholas kékeré, ẹni tí a bí ní 1593, kẹ́kọ̀ọ́ ní Cambridge. Ara rẹ̀ kò le, àwọn dókítà sì ní kí ó lọ sí ibi tí ojú ọjọ́ yàtọ̀. Ó fi ọdún mélòó kan rin Yúróòpù, ó sì padà sí London ní 1618. Ní 1624 ó wọ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin. Ní ọdún kan náà ni ọba gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ Ilé-iṣẹ́ Virginia, gbèsè ńlá sì ń lé John kiri. Ní 1625, àjàkálẹ̀ àrùn tún bẹ́ sílẹ̀ ní London. Ìyá wọn, Mary Ferrar, ti ra ilẹ̀ Little Gidding ní àkókò náà. Ibẹ̀ ni gbogbo wọn sá lọ.

Ìtàn tí àwọn ará ilé wọn fi sílẹ̀ sọ pé nígbà tí ìyá arúgbó yìí dé, àwọn òṣìṣẹ́ ti ń dúró láti tún ilé gbígbé ṣe. Ó ní rárá. Ilé ìsìn ni ó kọ́kọ́ lọ. Koríko gbígbẹ kò jẹ́ kí ó rí ọ̀nà wọlé dáadáa. Ó pàṣẹ pé kí gbogbo òṣìṣẹ́ fi ilé sílẹ̀ ná, kí wọ́n kó koríko jáde, kí wọ́n lé ẹlẹ́dẹ̀, kí wọ́n gbá ilé Ọlọ́run mọ́. Lẹ́yìn náà ni a ó tó máa sọ̀rọ̀ nípa ilé ènìyàn.

Ní ọjọ́ Ìsinmi Mẹ́talọ́kan ọdún 1626, Bíṣọ́ọ̀bù William Laud fi Nicholas jẹ díákónì ní Westminster. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n wà nípò retí pé yóò gba ipò ńlá nínú Ìjọ. Kò gbà. Kò tilẹ̀ di àlùfáà títí ó fi kú.

Ìgbé ayé wọn lójoojúmọ́

Àwọn tí ń gbé nínú ilé náà tó 30 sí 40: ìyá, John àti aya rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, Susanna ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin pẹ̀lú ọkọ rẹ̀ John Collett àti ọ̀pọ̀ ọmọ wọn, àti àwọn ìránṣẹ́. Ìdílé ni wọ́n, wọn kì í ṣe ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ gbéyàwó gbéyàwó, ẹni tí ó fẹ́ lọ sì lọ. Ṣùgbọ́n méjì nínú àwọn ọmọbìnrin Collett, Mary àti Anna, yàn láti wà láì lọ́kọ.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́ ni wọ́n máa ń tò lọ sí ilé ìsìn fún àdúrà gẹ́gẹ́ bí Ìwé Àdúrà Yorùbá ṣe mọ̀ ọ́n fún wa: ti òwúrọ̀, ti Lítánì, àti ti ìrọ̀lẹ́. Yàtọ̀ sí èyí, ní wákàtí kọ̀ọ̀kan ọjọ́, àwọn kan nínú wọn a péjọ nínú ilé láti ka Orin Dáfídì àti apá kan nínú Ìhìnrere. Wọ́n pín in lọ́nà tí wọ́n fi ń parí gbogbo 150 Orin Dáfídì lójúmọ́, tí wọ́n sì ń parí Ìhìnrere lóṣooṣù. Ní òru, láti aago mẹ́sàn-án sí aago kan, àwọn tí ó bá yọ̀ǹda ara wọn a máa ṣọ́nà nínú àdúrà. Nígbà tí aago kan bá lù, wọn a kan ilẹ̀kùn Nicholas, òun náà a sì dìde.

Àwọn aládùúgbò kò ṣàì jèrè. Wọ́n ń fún àwọn aláìsàn ní oògùn, wọ́n sì fi ààyè ilé fún àwọn opó aláìní. Wọ́n pe àwọn ọmọ abúlé tí ó wà nítòsí láti wá kọ́ Orin Dáfídì sórí. Ọmọ tí ó bá kà á láì wòwé a gba pẹ́nì kan lórí orin kọ̀ọ̀kan, a sì jẹun ọ̀sán ní ọjọ́ Ìsinmi. Ilé ẹyẹlé ńlá kan wà lórí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àṣà àwọn onílẹ̀. Nicholas rí i pé ọkà inú oko àwọn aládùúgbò ni àwọn ẹyẹlé náà ń jẹ yó. Ó kó ẹyẹlé kúrò, ó sì sọ ilé wọn di yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ìyá wọn náà ṣe ohun kan tí ó ṣọ̀wọ́n. Àwọn onílẹ̀ tí ó ti kọjá ti gba ilẹ̀ Ìjọ àti ìdámẹ́wàá tí ó yẹ kí ó máa bọ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Mary Ferrar dá gbogbo rẹ̀ padà fún Ìjọ kí ó tó kú ní 1634. Òfin kò fi ipá mú un.

Iṣẹ́ ọwọ́ wọn

Láti lè ka Ìhìnrere mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gẹ́gẹ́ bí ìtàn kan ṣoṣo, wọ́n ṣe àwọn ìwé kan tí irú wọn kò wọ́pọ̀. Wọ́n ra Bíbélì títẹ̀, wọ́n fi àlùmọ́gàjí gé ẹsẹ kọ̀ọ̀kan, wọ́n to ẹsẹ Mátíù, Máàkù, Lúùkù àti Jòhánù pọ̀ bí ìtàn ṣe tẹ̀lé ara, wọ́n sì lẹ̀ wọ́n mọ́ ìwé ńlá pẹ̀lú àwòrán. Ọmọbìnrin aránwé kan láti Cambridge ni ó wá kọ́ wọn bí a ti ń di ìwé. Àwọn ọmọbìnrin Collett ni wọ́n ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Ní 1633, nígbà tí Ọba Charles Kìíní ń lọ sí Scotland, ó gbọ́ nípa ìwé yìí, ó ránṣẹ́ láti yá a. Oṣù bíi mélòó kan kọjá kí ó tó dá a padà, ó sì ti kọ ọ̀rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà. Ó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe tirẹ̀ fún un. Èyí tí wọ́n ṣe fún un ní 1635 ṣì wà ní Ilé Ìkówèésí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní London.

Ní 1633 kan náà, àlùfáà George Herbert, tí ó jẹ́ ọ̀rẹ́ Nicholas, wà lórí ibùsùn ikú. Ó fi àwọn ewì tí ó ti kọ ránṣẹ́ sí Little Gidding, ó ní bí Nicholas bá rí i pé wọ́n lè ran ọkàn ẹnìkan lọ́wọ́, kí ó tẹ̀ wọ́n. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó sun wọ́n. Nicholas tẹ̀ wọ́n ní Cambridge lọ́dún yẹn. Ìwé náà ni a mọ̀ sí The Temple.

Ikú, ogun àti ìtúká

Ní 1637, nígbà tí Nicholas mọ̀ pé òun kò ní pẹ́ kú, ó ní kí wọ́n wọn ẹsẹ̀ bàtà méje láti ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn. Ibẹ̀ ni kí wọ́n fi sílẹ̀ fún John ẹ̀gbọ́n òun, kí wọ́n sì gbẹ́ sàréè òun tẹ̀lé e. Ó kú ní aago kan òru, ní ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá, wákàtí gan-an tí ó ti máa ń dìde gbàdúrà. Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń ṣe ìrántí rẹ̀ ní ọjọ́ náà lọ́dọọdún.

Àkókò tí ó tẹ̀lé e kò rọrùn. Ìjà láàrin ọba àti Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ti ń gbóná, àwọn tí ó korò sí ìsìn ọba sì ń wo ilé yìí pẹ̀lú ìfura. Ní 1641, a tẹ ìwé pélébé kan láti bà wọ́n lórúkọ jẹ́, pé ilé àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ti Póòpù ni wọ́n dá sílẹ̀ ní bòókẹ́lẹ́. Ní 1642 ọba wá kí wọn. Ó tún padà wá ní oṣù Karùn-ún 1646, ṣùgbọ́n lóru ni ó dé lọ́tẹ̀ yìí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ti pàdánù ogun tí ó sì ń sá. John mú un lọ sí ibòmíràn nítòsí, nítorí ó mọ̀ pé ilé òun ni àwọn ọ̀tá yóò kọ́kọ́ wá. Ní 1649 ni wọ́n bẹ́ ọba lórí.

Ìdílé náà ń bá àdúrà wọn lọ. Ní 1657, John kú, Susanna náà sì kú. Kò sí ẹni tí ó gba ipò wọn, ìgbé ayé àjọgbé náà sì dópin lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní ọgbọ̀n.

Ilé ìsìn náà lónìí

Ilé kò parẹ́ pẹ̀lú wọn. Ní 1714 a tún ilé ìsìn náà kọ́, a sì fún un ní iwájú olókùúta tí àlejò ń rí lónìí. Lókè ilẹ̀kùn rẹ̀ ni a kọ ọ̀rọ̀ tí Jákọ́bù sọ ní Bẹ́tẹ́lì nígbà tí ó jí lójú oorun. Ní 1853, William Hopkinson tí ó ra ilẹ̀ náà tún un ṣe. Ilé tóóró ni. Àwọn ìjókòó inú rẹ̀ kọjú sí ara wọn, kì í ṣe pé wọ́n kọjú sí pẹpẹ. Idì onídẹ tí a ń gbé Bíbélì lé wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ọpọ́n ìrìbọmi onídẹ. Lóde, níwájú ilẹ̀kùn, ni sàréè Nicholas wà.

Ní oṣù Karùn-ún 1936, akéwì T. S. Eliot, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó ti di ọmọ Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wá sí ibẹ̀. Ní 1942, nígbà tí bọ́ǹbù ti ba ọ̀pọ̀ apá London jẹ́, ó gbé ewì kan jáde tí ó fi orúkọ abà náà pè. Láti ìgbà náà ni àlejò ti ń wá láti ilẹ̀ jíjìn. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, a dá ẹgbẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ Little Gidding sílẹ̀. Láàrin àwọn ọdún lẹ́yìn 1970 títí di 1998, àwọn Kristẹni kan tún gbìyànjú láti máa gbé papọ̀ níbẹ̀ ní àpẹẹrẹ ìdílé Ferrar. Lónìí, ilé tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìsìn ń gba àwọn tí wọ́n fẹ́ yẹra lọ gbàdúrà.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn aládùúgbò rẹ̀. Steeple Gidding, tí ìdílé Ferrar máa ń rìn lọ fún ìsìn ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi, kò ní ìjọ tí ń pàdé déédéé mọ́. Àjọ tí ń tọ́jú ilé ìsìn tí a kò lò mọ́ ni ó ń bójú tó ilé náà, ṣóńṣó gíga rẹ̀ sì wà síbẹ̀. Èyí tí ó kéré jù, tí ẹlẹ́dẹ̀ ti sùn nínú rẹ̀ rí, ni àwọn ènìyàn ń wá gbàdúrà nínú rẹ̀.

Ohun tí a rí kọ́

Ó yẹ kí a sọ òtítọ́ nípa àìlera wọn pẹ̀lú. Lórí ìdílé kan ṣoṣo ni ohun gbogbo dúró lé. Nígbà tí àwọn àgbà kú, kò sí àrólé. Ìjọ tí ó bá fi gbogbo ẹrù rẹ̀ lé ẹnìkan tàbí ilé kan lórí ń dúró de ọjọ́ tí ẹni náà yóò lọ.

Síbẹ̀ ohun mẹ́ta ni ó mú kí ibẹ̀ má tún padà di ahoro. Èkíní, wọ́n tún ilé àdúrà ṣe kí wọ́n tó tún ilé tiwọn ṣe. Èkejì, wọn kò gbàdúrà lórí ìnira aládùúgbò: ọkà olóko ṣe pàtàkì sí wọn ju ẹyẹlé lọ, wọ́n sì dá ohun tí ó jẹ́ ti Ìjọ padà. Ẹ̀kẹta, wọn kò dúró kí èrò pọ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Ènìyàn ilé kan ni wọ́n, abúlé kò sì padà sí ibẹ̀ títí di òní.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ní ìjọ kékeré kan ní ilé, ní abà tí a ti tẹ̀ wá bọmi, níbi tí àwọn arúgbó mélòó kan ṣì ń lu aago ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìsinmi tí àwọn ọmọ wọn sì wà ní ìlú ńlá. Ó rọrùn láti sọ pé ibẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n kí a tó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a rántí ìyá arúgbó kan tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà tí koríko dí, tí ó sì ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbá ibẹ̀ mọ́. Bí a bá lọ sí ilé nígbà ọdún, ẹ jẹ́ kí a yà síbẹ̀, kí a wo òrùlé, kí a bèèrè ẹni tí ń ka ẹ̀kọ́, kí a sì bá wọn kúnlẹ̀.